Ohùn wo lẹ̀ ń gbẹ́lẹ̀ fún, èwo lẹ̀ ń fi sílẹ̀? (ẹ̀yin tó ń lo dítẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá mẹ́tààlì nínú ilẹ̀, ẹ wọlé)

AwanileTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀rọ tí mò ń lò ní ohùn mẹ́ta, ti ìsàlẹ̀ fún irin, ti àárín, ti òkè, ìwé tó bá a wá sì sọ pé tí n bá ti gbọ́ ti òkè kí n gbẹ́ ẹ torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fàdákà tàbí bàbà, ṣùgbọ́n ohùn òkè yẹn náà ló ń dún tí mo fi ń hú ìdérí ìgò àti ìṣó tó ti dípẹtà jáde, ilẹ̀ sì le bí nǹkan míì. Báwo lẹ ṣe ń fetí mọ èyí tó dáa kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀? Mi ò béèrè nọ́ńbà ojú sìkíríìnì o, ohùn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀.

EtiLoBaNbe
Káàbọ̀ àbúrò. Ìwé yẹn ò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀ torí tó o bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ etí ẹ á tètè là. Kọ́ìlì, ìyẹn àwo tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ, ń rán agbára mágínẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀, tó bá kan mẹ́tààlì, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú ẹ̀, iná yẹn náà á wá dá èsì padà fún kọ́ìlì, èsì ọ̀hún kì í wọlé lójú ẹsẹ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀, bó ṣe pẹ́ sí yẹn ni ẹ̀rọ ń sọ di ohùn. Fàdákà àti bàbà tó nípọn, iná máa ń rìn dáadáa nínú wọn, èsì tiwọn ló ń pẹ́ jù, ìyẹn ni wọ́n fi ń ké lókè. Fọ́ìlì àti wúrà kékeré wà nísàlẹ̀ wọn. Irin wá wà láyè ara ẹ̀ torí ó ń bá mágínẹ́ẹ̀tì ṣe, òun ló ni ohùn ìsàlẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti wọ̀ ọ́ ni pé irin tó bá fẹ̀ pẹrẹsẹ, tàbí tó nihò láàárín bíi wásà, ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ó ń bá mágínẹ́ẹ̀tì ṣe, iná sì tún ń yí po nínú ẹ̀ dáadáa. Nǹkan tí ẹ̀rọ á rí ò ní jọ irin pátá, kò sì ní jọ fàdákà pátá, á máa fò láàárín méjèèjì. Torí náà gíga ohùn nìkan ò tó o. Ohun tó o máa tẹ́tí sí ni bóyá ohùn yẹn DÚRÓ.

Fì kọ́ìlì lọ sọ́tùn-ún, fì í padà sósì. Ṣé ohùn kan náà ni lọ bọ̀? Ó dáa. Wá rìn yí ibẹ̀ ká títí wàá fi máa fì í dábùú ọ̀nà tó o gbà tẹ́lẹ̀. Kọ́ìnì tó sùn pẹrẹsẹ rí bákan náà níbi gbogbo torí ó rí róbótó, ibi yòówù kó o dúró sí ohùn kan náà lá máa fún ẹ. Ìṣó gùn, níhìn-ín á ké lókè bí ọmọ tuntun, tó o bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì á di ti ìsàlẹ̀ tàbí kó dákẹ́ pátápátá. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, máa lọ jàre.

KoiluKekere
Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́. Àwa máa ń fi dò re mí kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wa, ó rọrùn ju kéèyàn máa sọ pé "ó dún báyìí, ó dún báyẹn" lọ. Kọ́ìnì fàdákà: mí, mí, mí. Ìṣó tó gún régé: dò, dò. Ìṣó tó tẹ̀ tàbí tó ti dípẹtà: dò-mí, dò, mí-dò, kò sí èyí tó jọra nínú wọn. Ìdérí ìgò onírin: mí-dò-mí tàbí re-mí-dò, ẹ̀bá ohùn yẹn á tún máa ha gbẹrẹgbẹrẹ, kò ní wọlé geere kó sì jáde geere.

Tó o bá fura pé ìdérí ìgò ni, gbé kọ́ìlì sórí ẹ̀, wá máa fì í ní kúkúrú kúkúrú, kó o máa fà á bọ̀ wá síwájú ẹsẹ̀ ara rẹ díẹ̀díẹ̀, tí nǹkan yẹn á fi bọ́ sí imú kọ́ìlì lọ́hùn-ún. Kọ́ìnì á máa lọ sílẹ̀ ni, ohùn ẹ̀ ò ní yí, á kàn rẹlẹ̀ títí á fi tán. Ìdérí ìgò, bó ṣe ń dé etí kọ́ìlì báyìí lá já sí dò, wàá gbọ́ ọ tó máa hùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Èmi ò tíì rí àyẹ̀wò tó yá ju èyí lọ fún ìdérí ìgò.

Ìbéèrè kan fún ẹ AwanileTuntun, disc ẹ ńkọ́, ètò tí ẹ̀rọ fi ń pa ohùn irin lẹ́nu mọ́ yẹn? Ibo lo gbé e sí?

AwanileTuntun
Mo gbé e sókè o, torí mi ò fẹ́ gbọ́ irin rárá.

KoiluKekere
Hahaha mo mọ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tó o bá fi disc gé irin kúrò pátápátá, o ò gé ìdérí ìgò kúrò o, apá dò inú ohùn ẹ̀ nìkan lo gé, apá mí tó kù nìkan lá wá máa wọlé sí ẹ létí, ló bá dà bíi pé fàdákà ni. Ìwọ fúnra ẹ lò ń tún ìdọ̀tí ṣe kó lè rẹwà. Gbé disc wálẹ̀, jẹ́ kí irin máa hùn nísàlẹ̀, kó o kàn dín ariwo ẹ̀ kù tí ẹ̀rọ ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní bọ́tìnì ẹ̀ lọ́tọ̀, Garrett AT Pro pe tiẹ̀ ní Iron Audio. Tẹ̀ ẹ́, wàá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohùn dídùn yẹn ní dò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

NombaNiMo
Kí lẹ wá ń fi sìkíríìnì ṣe? Èmi nọ́ńbà ni mo ń wò, tó bá ti wà níbi kọ́ìnì mo gbẹ́, tí kò bá sí níbẹ̀ mo kọjá. Kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀ jàre.

EtiLoBaNbe
Nọ́ńbà dáa fún nǹkan tí kò jìn, mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀rọ tìẹ kì í ṣe nọ́ńbà ẹ̀rọ tiwọn. Minelab Equinox 800 ń ka láti -9 dé 40, ọ̀pọ̀ Garrett ń lọ dé 99, tẹ́nì kan bá wá sọ níbí pé "30 ni tèmi, gbẹ́ ẹ" kò wúlò fẹ́ni tó ń lo ẹ̀rọ míì. Èkejì, bí nǹkan bá ṣe ń jìn sí lábẹ́ ilẹ̀ tó ní mínírà púpọ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀ ń ṣìwà hù, kọ́ìnì tó dáa lè máa ka bí irin. Etí á ṣì gbọ́ ọ nígbà yẹn, tí sìkíríìnì ti sọnù. Àti pé nọ́ńbà tó ń fò láti 12 sí 27 sí 19 bó o ṣe ń fì í, ohun kan náà tí ohùn jákujàku ń sọ fún ẹ ló ń sọ, ojú lo kàn fi rí i.

MamaOruka
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ fàdákà tán, wúrà lẹ kàn fẹnu bà kọjá. Ẹni tó bá ní ohùn òkè nìkan lòun ń gbẹ́, ó ti fi òrùka wúrà sílẹ̀ fún ẹlòmíì nìyẹn. Òrùka wúrà kì í ké lókè. Èyí tó tín-ín-rín máa ń wà ní ìsàlẹ̀ àárín níbi tí fọ́ìlì wà, èyí tó tóbi á gòkè díẹ̀ bọ́ sáàárín etí agolo, irú etí tí wọ́n ń fà tí agolo fi ń ṣí yẹn. Wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé òun ní ẹ̀rọ tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere.

Ohun tí etí lè ṣe níbẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìwọ̀nba tó wà. Òrùka tí ò já jẹ́ róbótó tó so pọ̀, iná ń yí i ká láìdúró, ohùn ẹ̀ máa ń kún, ó sì máa ń mọ́ ní ẹ̀bá. Fọ́ìlì ń wọlé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò lágbára, tó o bá sún kọ́ìlì díẹ̀ á yí padà. Etí agolo tí ahọ́n ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ tó sì tẹ̀ máa ń ní ohùn méjì tó gun ara wọn. Àwọn wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ agolo álúmíníọ̀mù tí ẹ̀rọ tó ń gé koríko ti fọ́, ìyẹn rọrùn, etí wọn jákujàku, ohùn wọn náà jákujàku, ibi tó o bá dúró sí ló máa sọ bó ṣe máa dún. Òjé tún wà o, ìwúwo tí apẹja ń so mọ́ okùn àti ọta ìbọn àtijọ́, ohùn àárín tó kún tó sì rẹwà ni, kò sí ohùn tó lè bá ẹ yà á kúrò lára òrùka. Gbẹ́ ẹ.

Òrùka tó ti já ńkọ́? Ohùn ẹ̀ á wálẹ̀ gan-an torí iná ò rí ọ̀nà yí i ká mọ́. Wúrà kan náà, ìwúwo kan náà, ó kàn já ni.

Èmi ní tèmi, níbi táwọn èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí tí wọ́n ti ń bọ́ra, gbogbo ohùn àárín tó bá dúró ni mò ń gbẹ́, kò sí "bóyá" níbẹ̀.

AwanileTuntun
Ẹ ṣé mọ̀mí. Ṣé ibi tí etí agolo bá ti pọ̀ bí yanrìn náà, gbogbo ẹ̀ lẹ máa gbẹ́?

MamaOruka
Ó sinmi lórí ọjọ́ ogbó ẹ̀yìn mi lol. Tó bá pọ̀ báyẹn, gbẹ́ bíi mélòó kan lákọ̀ọ́kọ́ kó o mọ ohùn tàbí nọ́ńbà tí irú etí agolo tó wà níbẹ̀ ń fún ẹ. Irú kan náà máa ń dún bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn o lè fo èyí tó bá bọ́ síbẹ̀ gan-an, kó o máa gbẹ́ èyí tó bá lọ sókè ẹ̀ tàbí wá sísàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀. Wúrà tó bá bá etí agolo dọ́gba gẹ́ẹ́ á kọjá lọ, kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é.

SobiriKan
Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ títóbi àti jíjìn kún un, torí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́. Agolo odindi lè dún bíi fàdákà pátá, lọ bọ̀, dábùú, gbogbo ẹ̀ á dúró ṣinṣin, á yege nínú gbogbo àyẹ̀wò tí EtiLoBaNbe sọ. Ohun tó máa tú u fó ni gbígbé kọ́ìlì sókè. Gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bó o ṣe ń fì í. Kọ́ìnì á rẹlẹ̀ kíá, á sì dákẹ́. Agolo, o ti gbé kọ́ìlì dé orúnkún, ó ṣì ń pariwo. Tẹ pinpoint, bọ́tìnì tó ń tọ́ka ibi tí nǹkan wà gan-an, kó o wo bó ṣe fẹ̀ tó, tó bá fẹ̀ bí àwo oúnjẹ, kì í ṣe kọ́ìnì.

Òdì kejì ẹ̀ wá ni ohùn tó rẹlẹ̀ gan-an, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹ létí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọjá lórí ẹ̀. Tó bá rẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tó mọ́, tó sì wà níbì kan náà nígbà gbogbo tó o bá padà débẹ̀, nǹkan tó jìn nìyẹn, àwọn nǹkan àtijọ́ sì sábà máa ń jìn. Ẹ̀rọ míì ní ètò kan tó ń sọ gbogbo ohùn di ariwo kan náà, bó jìn bó ò jìn, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ torí ó gba ìmọ̀ kan kúrò lọ́wọ́ etí. Ẹ lo hẹ́dífóònù jọ̀ọ́. Ẹ dẹ̀ rọra fì í, má fì í bí ẹni tó ń gbálẹ̀ sá fún àlejò.

AwanileTuntun
Ẹ̀gbọ́n EtiLoBaNbe, ilé àtijọ́ kan tó ti wó ló wà níbi tí mo ti ń wá nǹkan, ìṣó kún ibẹ̀. Kò sí ohùn kankan tó ń dúró lọ bọ̀ níbẹ̀. Ṣé kí n kàn kúrò níbẹ̀ ni?

EtiLoBaNbe
Rárá o! Ibẹ̀ gan-an lòfin tí mo fún ẹ lókè ò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Láàárín ìṣó, kọ́ìnì tó dáa lè dún láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo torí ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ló kọ́kọ́ gba etí ẹ̀rọ, kó tó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn kọ́ìlì ti kọjá kọ́ìnì. Ohùn kúkúrú lo máa gbọ́, "kíún" báyìí, ó ti tán. Níbẹ̀, ohun tí mò ń béèrè ni bóyá "kíún" yẹn ń padà wá LÓJÚ KAN NÁÀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjá. Mo wá tẹ pinpoint. Tí pinpoint bá bọ́ síbi tí ohùn òkè ti dún, mo gbẹ́ ẹ. Tó bá lọ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ìṣó ni. Ìṣó fẹ́ràn kó máa ké lókè ní ìdí àti orí ẹ̀, lẹ́yìn tí kọ́ìlì bá ti fẹ́ kọjá ara ẹ̀ tán.

KoiluKekere
Orúkọ mi ti sọ ọ́ ná, kọ́ìlì kékeré ni ibẹ̀ ń fẹ́. Kọ́ìlì ńlá ń rí ìṣó bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kékeré á rí ọ̀kan tàbí méjì. Tí ẹ̀rọ ẹ bá ní recovery speed, gbé e sókè, ìyẹn ni bó ṣe ń yára gbàgbé nǹkan kan kó lè gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Wàá pàdánù ìjìnlẹ̀ díẹ̀, kò burú.

AlawadaInuIle
Ṣé ẹ mọ̀ pé wàhálà yín yìí ti pẹ́? Lọ́dún 1881 tí wọ́n yìnbọn fún Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell gbé ẹ̀rọ kan wá kó lè fi wá ọta tó wà lára ẹ̀, kò sì rí i. Sípíríǹgì onírin tó wà nínú ibùsùn tí ọkùnrin náà sùn lé dá kún un. Bell fúnra ẹ̀ o. Torí náà AwanileTuntun má sunkún.

SobiriKan
@AlawadaInuIle o rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà ńbẹ̀. Wo bàtà ẹ, tí irin bá wà ní imú ẹ̀, gbogbo ìgbà tí kọ́ìlì bá sún mọ́ ẹsẹ̀ lo máa gbọ́ nǹkan. Gbé ṣọ́bìrì jìnnà. Fóònù náà, fi sínú báàgì. Tí ẹ̀rọ bá ń dún wóyowòyo nígbà tí kọ́ìlì dúró jẹ́ẹ́ láìmira, kì í ṣe ilẹ̀ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀, wáyà iná tàbí nǹkan míì tó ń lo iná ló wà nítòsí, yí channel padà tàbí kó o dín sensitivity, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ràn tó, kù. Ohùn tó bá dún lẹ́ẹ̀kan tí kò padà wá mọ́, má wulẹ̀ ronú lé e lórí.

EtiOmi
Èmi etí òkun ni mo wà. Iyanrìn tó gbẹ, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lókè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iyanrìn tí omi iyọ̀ ti rin yàtọ̀, omi iyọ̀ fúnra ẹ̀ ń gbé iná, ẹ̀rọ tó ń lo frequency kan ṣoṣo (iye ìgbà tí agbára kọ́ìlì ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á máa pariwo lásán. Èyí tó ń lo frequency púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń dákẹ́ níbẹ̀. Àwa kan ń lo PI (pulse induction, ẹ̀rọ tó ń rán agbára wọlẹ̀ ní ìdákúrekú), ìyẹn ò bìkítà fún iyọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní pín irin sọ́tọ̀ fún ẹ, gbogbo nǹkan lo máa gbẹ́.

Fún ẹ̀yin tó ń wá wúrà inú ilẹ̀ pẹ̀lú PI bíi Minelab GPX, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni bí ohùn ṣe ń RÌN. Wúrà kékeré sábà máa ń lọ sókè kó tó wálẹ̀, mí-dò. Èyí tó tóbi tàbí tó jìn gan-an á wálẹ̀ kó tó gòkè, dò-mí. Ṣùgbọ́n bó o bá yí ètò timing ẹ̀, ìyẹn ìgbà tó ń tẹ́tí sí èsì, padà èyí lè dojú rú, kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tó o mọ̀ kó o tó gbọ́kàn lé e.

AwanileTuntun
Òkúta ńkọ́? Mo gbẹ́ ohùn kan, òkúta dúdú ni mo bá níbẹ̀, kò sí mẹ́tààlì kankan.

EtiOmi
Àwọn òkúta kan ní irin nínú ju ilẹ̀ tó yí wọn ká lọ. Ohùn wọn máa ń fẹ̀, kò ní góńgó. Tó o bá gbé kọ́ìlì sókè díẹ̀ ṣá, ó ti parẹ́. Tún ground balance ṣe, gbé kọ́ìlì sókè gbé e wálẹ̀ léraléra lórí ilẹ̀ tí kò ní nǹkan títí ilẹ̀ á fi dákẹ́.

SobiriKan
Ọ̀kan tí kì í ṣe eré: tó o bá gbẹ́ nǹkan onírin tó gùn tó sì rí bí ìgò, tó jọ ohun ìjà, má kàn án mọ́, má fọ̀ ọ́, má gbé e wálé. Sàmì sí ibẹ̀, kúrò níbẹ̀, pe ọlọ́pàá. Ohùn ò lè sọ fún ẹ bóyá ó ṣì lè bú.

KoiluKekere
AwanileTuntun, kó o tó padà lọ, ṣe eléyìí nílé. Kó kọ́ìnì, ìdérí ìgò, ìṣó tó tẹ̀, etí agolo, fọ́ìlì, àti òrùka kan jọ, tò wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jìnnà síra, bo ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú páálí kó o má bàa mọ èyí tó jẹ́ èwo, kẹ́lòmíì tò ó fún ẹ. Pa sìkíríìnì mọ́ tàbí kó o fi nǹkan bò ó. Dárúkọ wọn. Lẹ́yìn náà gbé kọ́ìnì lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó dúró lórí ẹ̀bá, gbọ́ bó ṣe máa dínkù tó sì máa ṣe bí ìṣó, kó o lè mọ̀ pé kọ́ìnì tó dúró bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ lè tàn ẹ́. Wá fi ìṣó kan sún mọ́ kọ́ìnì, máa sún un bọ̀ díẹ̀díẹ̀, fetí sí ibi tí kọ́ìnì ti máa sọnù. Mo mọ àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tí wọn ò ṣe ti ìkẹyìn yìí rí.

AwanileTuntun
Ọlọ́run ó bù kún yín. Disc ti wálẹ̀, ariwo pọ̀ o, ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ dò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mí yẹn. Ìbéèrè kékeré kan ló kù, ṣéènì ọrùn wúrà, ohùn wo ni tiẹ̀?

MamaOruka
Ah. Ìyẹn le jù, ọmọ mi. Ẹ̀rọ kì í rí ṣéènì bí nǹkan kan, ó ń rí ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan bíi wúrà kékeré tó dá wà, ìdí nìyẹn tí ṣéènì tó wúwo lè fi rẹlẹ̀ ju òrùka tín-ín-rín lọ. Ibi tí wọ́n ti ń pa á dé lọ́rùn tàbí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló sábà máa ń dún. Ẹ̀rọ tí frequency ẹ̀ ga máa ń gbọ́ ọ ju èyí tó ń lo frequency ìsàlẹ̀ lọ. Á dún bíi fọ́ìlì, pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, nísàlẹ̀ àárín, nígbà míì á tún máa rìn bó o ṣe ń fì í torí ó tẹ́ gbọọrọ. Tó o bá wà lórí iyanrìn tó sì rọrùn láti bu, bu gbogbo irú ohùn bẹ́ẹ̀, kó o sì fọwọ́ tú iyanrìn inú síìfù dáadáa kó o tó dà á nù, torí ṣéènì máa ń yọ́ bọ́ láàárín ihò ẹ̀.